Onígòjé Ké Àgò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Láti ìgbà tí ẹ ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yìí ni mo ti ń wò yín láti orí àga mi. Mojí ọmọ ọmọ mi wo fóònù rẹ̀, ó ní àwo báyìí ló dùn jù lọ́dún yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo fóònù tirẹ̀, ó ní irọ́ ni, tòun ló dùn jù. Ẹni kẹta kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì wí, nítorí ó ti fi nǹkan dí etí. Ẹ ka orúkọ àwo orin títí, ẹ jiyàn, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ tún bínú díẹ̀, síbẹ̀ n kò gbọ́ kí orin kan ṣoṣo dún jáde. Mo wá ń bi ara mi pé ṣé ọ̀rọ̀ orin nìyí ni àbí ọ̀rọ̀ ìbò.

Ẹ má bínú, ọjọ́ ogbó ló ń mú mi rojọ́. Nígbà tí Mojí wá yíjú sí mi tó ní, "Bàbá àgbà, èwo ni tiyín?" gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé orin ti kú lára mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní àwo kan. Ẹyọ kan náà ló kù sí mi lọ́wọ́, ó wà nínú yàrá mi, mo fi aṣọ òfì wé e. Mojí mọ̀ ọ́n. Láti àná ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun gbé orin inú rẹ̀ sórí fóònù, kí òun fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín, kí ẹ̀yin náà fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá wù yín, títí dé Èkó, títí dé òkè òkun. N kò tíì fún un lésì. Kì í ṣe pé mo ń ṣahun. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ fetí sílẹ̀ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, lẹ́yìn náà n ó sọ bóyá kí ó gbé e tàbí kí ó fi í sílẹ̀.

Ní ìgbà tiwa, etí lèèyàn fi ń mọ Ìsẹ́yìn kó tó fi ojú rí i. Bí o bá ń ti ọ̀nà oko bọ̀, kí o tó rí páànù ilé kankan, wàá ti máa gbọ́ òfì. Ká-ká, ká-ká, láti agboolé dé agboolé. Ọwọ́ ahunṣọ kan kì í dún bí ọwọ́ èkejì. Mo lè dúró lẹ́yìn ògiri kí n sọ fún ọ pé Làmídì ló ń hunṣọ yẹn, inú rẹ̀ sì dùn. Tàbí pé òun ni, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti bá a jà láàárọ̀. Àwọn ahunṣọ ṣì wà níbẹ̀ lónìí, n kò ní parọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì lẹ́wà ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ti fi okùn bọ etí, ó ń gbọ́ orin tirẹ̀, ó ń mirí sí ohun tí ẹni tó jókòó tì í kò gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo rò pé iwin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Làmídì tí mo dárúkọ yìí, ọ̀rẹ́ mi ni. Òfì tèmi àti tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Òun ló ní gírámófóònù, èyí tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, ó sì gbé e ka orí àpótí láàárín wa. Bó bá ti fi àwo sí i, gbogbo òfì tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò máa tẹ̀lé orin náà. Orin pẹ̀lẹ́, aṣọ pẹ̀lẹ́. Obìnrin kan wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó ní kí ló dé tí apá kan le pọ́nkí tí apá kejì sì dẹ̀? Làmídì kò rẹ́rìn-ín rárá, ó ní, "Màámi, ẹ má bínú, orin ló yí padà láàárín." Obìnrin náà wò ó, ó wo gírámófóònù, ó ní òun kò ní í sọ fún ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun pé orin ló hun aṣọ ìyàwó. A tú u, a tún un hun.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí iṣu ti wọ abà, tí àwọn oníṣẹ́ ọdún ti gba aṣọ wọn lọ, àwa mẹ́rin a máa jókòó pọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Làmídì nìyẹn, èmi nìyí. Ẹni kẹta ni Tíṣà, tó ń kọ́ni ní ilé ìwé ìjọ, ọkùnrin tó máa ń fi áńkáṣíìfù nu àga kó tó jókòó. Ẹni kẹrin ni Àkànjí, àgbẹ̀ oníṣu láti Adó-Àwáyè, tí yóò gun kẹ̀kẹ́ ológeere dé pẹ̀lú eruku títí dé ìpéǹpéjú. Ìpàdé yìí là ń pè ní Àwo Ọdún. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbé àwo kan ṣoṣo wá, èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó gbọ́ lọ́dún náà, a ó sì fi etí gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ikọ́ bá mú ọ, o jáde síta. Nígbà tó bá parí, ẹni tó ni àwo kò gbọdọ̀ yìn ín. Ẹlòmíràn ni yóò sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀. Mo ti rí i tí Àkànjí jókòó tó ń làágùn nínú ọyẹ́ nítorí pé Tíṣà ń bú àwo tó fẹ́ràn, òun kò sì gbọdọ̀ gbèjà rẹ̀.

Èyí tó wá le jù ni pé bí ìpàdé bá ti parí, a ó pààrọ̀. Àwo tí o fẹ́ràn jù, o ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ọyẹ́ mìíràn yóò fi dé. Ẹ̀yin lè rán orin lọ kó tún wà lọ́wọ́ yín, ó dára bẹ́ẹ̀, n kò bá yín jà. Tiwa, bí o bá ti fi sílẹ̀, o ti fi sílẹ̀ nìyẹn. Tíṣà ló gbé òfin náà kalẹ̀. Ó ní ohun tí o bá fẹ́ràn tí o kò lè fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn, o kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣe lo kàn ń ṣọ́ ọ. Làmídì tún fi ọ̀kan kún un, ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni: bí ẹnìkan bá kú tí àwo ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, a kò gbọdọ̀ lọ bèèrè rẹ̀ nílé ọ̀fọ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò gbé e wá fúnra wọn nígbà ọyẹ́. A rẹ́rìn-ín dọ́ba. Irun orí wa dúdú lọ́jọ́ yẹn. Ẹyẹ kò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.

Ọkùnrin olórin kan wà ní Ṣakí nígbà náà. Onígòjé là ń pè é, nítorí gòjé ló máa ń fi síwájú orin rẹ̀, ó máa ń ta okùn rẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ èèyàn. Ó fẹ́ ṣe àwo tuntun, ó sì fẹ́ kí òun àti àwọn elégbè rẹ̀ wọ aṣọ òfì nínú fọ́tò ara páálí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Làmídì ló wá. Ó yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa lọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó jókòó tì wá, ó ń gbọ́ òfì, ó ń fi ìka ta orúnkún. Ó bá wa jẹun, ó gbọ́ nípa Àwo Ọdún, ó ní òun kò rí irú wèrè báyìí rí. Nígbà tó ń lọ, ó ní bí òun bá dé ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, òun yóò yà kí wa. A ní kó máa lọ, ẹnu olórin ni.

Ó yà kí wa lóòótọ́. Nígbà tí àwo náà jáde, ojú kejì rẹ̀ odindi jẹ́ ìrìn àjò: Onígòjé gbéra ní Ṣakí, ó dé Ìsẹ́yìn, ó ń kan ilẹ̀kùn. Yóò ké àgò, yóò pe orúkọ ẹnì kan, yóò ní, "Ṣé o wà nílé?" Ìlù yóò dákẹ́, elégbè yóò dákẹ́, gòjé nìkan ni yóò máa dún jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fi etí ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà yóò kì ọ́, yóò sì kọjá sí ilé ẹnìkejì. Làmídì ló kọ́kọ́ pè. Ó pe Tíṣà, ó pe Àkànjí, ó sì pe èmi gbẹ̀yìn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọyẹ́ ọdún yẹn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ti ra àwo náà níkọ̀kọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì rò pé òun nìkan ló ní in, òun fẹ́ fi ṣe ìyanu fún àwọn yòókù. Àkànjí tú tirẹ̀, àwo Onígòjé ni. Tíṣà tú tirẹ̀, òun náà ni. Èmi ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó tú tèmi. Làmídì kò tilẹ̀ tú tirẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó ń wo òkè àjà. A gbọ́ ọ tán, ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó ni àwo kì í yin àwo, gbogbo wa la sì ni ín. A wá ń wo ara wa bí ewúrẹ́ tó yó. Ìyàwó Làmídì, Ìyá Ràsákì, ló ń kọjá pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ wa. Tíṣà ní kó wá ṣe onídàájọ́. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó ní, "Orin yín dùn o. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tí ọkùnrin yìí yà, kò sí èyí tó ti kí ẹni tó ń dáná níbẹ̀." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọlé padà. Ojú tì wá, ebi sì tún pa wá.

Òfin sì ni òfin. A pààrọ̀ àwo kan náà láàárín ara wa. Tèmi lọ sọ́dọ̀ Làmídì, ti Làmídì wá sọ́dọ̀ mi. Àkànjí gba ti Tíṣà, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó dúró lọ́nà láti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ iṣu, oòrùn sì mú àwo náà títí ó fi ká etí bí àkàrà tó gbóná jù. Ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí àpáta, kò tọ́. Láti ìgbà náà ohùn Onígòjé máa ń mì nínú rẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu. Tíṣà ní kò burú, ó kéré tán tòun ń jó.

Ọdún dùn fún wa nígbà yẹn. Lọ́jọ́ Àwo Ọdún, ohunkóhun yòówù kí a gbé wá, orin Onígòjé la fi ń parí. Bó bá ti ní, "Làmídì, ṣé o wà nílé?" Làmídì yóò pariwo láti orí àga pé, "Mo wà nílé, wọlé!" Tíṣà náà yóò jẹ́, Àkànjí yóò jẹ́, èmi náà yóò jẹ́. Àwọn tó ń kọjá lójú títì rò pé àlejò dé bá wa ní tòótọ́.

Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Onígòjé ṣàìsàn díẹ̀, ó kú. Ní ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, a gbé àwo rẹ̀ sí orí ẹ̀rọ, ọwọ́ Làmídì sì dúró lókè kó tó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Àkànjí ní òun kò ní í jẹ́. Ó ní nílé àwọn, bí ẹni tí o kò rí bá pè ọ́, o kì í dáhùn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tí a mọ̀ pé ó ti kú. Tíṣà ní ohùn lásán ni, ẹ̀rọ ló gbà á sílẹ̀. Làmídì rò ó títí, ó ní, "Nígbà tó wà láyé ló pè wá. Àpè àtijọ́ là ń jẹ́." Bẹ́ẹ̀ la ṣe jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Àkànjí jẹ́ tirẹ̀ tòun ti ọwọ́ lẹ́nu.

Làmídì fúnra rẹ̀ lọ nígbà òjò. N kò fẹ́ sọ bó ṣe lọ. Mo kàn mọ̀ pé òfì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi dákẹ́, mo sì ń hunṣọ lọ bí ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà tí ẹnìkejì rẹ̀ ti dúró lẹ́yìn láìsọ fún un. Àwo Onígòjé tèmi wà nílé rẹ̀, nítorí a tún ti pààrọ̀ rẹ̀ ní ọyẹ́ tó kọjá. N kò bèèrè. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Tíṣà, Àkànjí àti èmi jókòó, a kò mọ̀ bóyá kí a ṣe é tàbí kí a má ṣe é. Ìyá Ràsákì jáde wá bá wa. Ó gbé àwo náà wá bí òfin ṣe wí, ó fi aṣọ tí ọkọ rẹ̀ kò hun parí wé e, òwú ṣì ń yọ létí rẹ̀. Kò fi í sílẹ̀ kó lọ. Ó jókòó sí ààyè Làmídì, ó ní, "Ẹ fi sí i."

A fi sí i. Onígòjé ké àgò. "Làmídì, ṣé o wà nílé?" Gbogbo ìlù dákẹ́, gòjé ń dún. Mo wolẹ̀. Tíṣà wolẹ̀. N kò mọ̀ pé àkókò kékeré yẹn lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Ràsákì kò sunkún. Ó kọjú sí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó yọjú sí àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kò sí nílé o. Ó jáde."

Onígòjé sì kì í, bó ṣe máa ń kì í, ó kọjá sí ilé Tíṣà.

Nígbà tó parí, Ìyá Ràsákì wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, kò bójú mu kí àlejò ké àgò títí kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn. Ẹni tó bá wà nílé kó jẹ́. Ẹni tí kò bá sí, kí ará ilé rẹ̀ sọ pé kò sí." Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde. Bí ó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Nígbà tí Tíṣà lọ, ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń ti Ọ̀yọ́ wá ní gbogbo ọyẹ́, yóò jókòó, yóò gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, yóò ní, "Wọn ò sí nílé, sà," yóò sì wọkọ̀ padà. Nígbà tó ṣe, kò wá mọ́. Nígbà tí Àkànjí náà lọ, ọmọ rẹ̀ wá fún ìgbà díẹ̀, òun náà kò wá mọ́. N kò bú wọn, ayé ń lé wọn kiri. Ìyá Ràsákì ló bá mi jókòó pẹ́ jù, àwa méjì, àrúgbó ọkùnrin àti àrúgbó obìnrin níwájú ẹ̀rọ kan. Òun náà lọ. Ọdún yẹn, èmi nìkan ni mo jókòó. Mo sọ fún Onígòjé pé Làmídì kò sí nílé. Mo sọ pé Tíṣà kò sí nílé. Mo sọ pé Àkànjí kò sí nílé. Nígbà tó kàn mí, mo jẹ́, ohùn mi sì bà mí lẹ́rù, nítorí òun nìkan ló kù nínú agboolé.

Láìpẹ́ ẹ̀rọ náà kọṣẹ́. Mo yọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, mo yọ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Àwo náà wà nínú yàrá, kò sí ohun tó lè mú un dún, síbẹ̀ mo ń gbọ́ ọ. Ní ọ̀sán ọyẹ́, nígbà tí ilé bá dá páropáro, tí gbogbo yín ti lọ síbi iṣẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń fi ewé máńgòrò gbígbẹ ha ilẹ̀, gòjé a dún lókèèrè. Onígòjé a ké àgò. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti ilé Làmídì. N kò mọ̀ bóyá orí mi ni, n kò mọ̀ bóyá òun ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bó bá ti kí Àkànjí tán, mo ti dìde. N ó tan rédíò. N ó pe ewúrẹ́. N ó da omi sínú garawa kó máa pariwo. N kì í jẹ́ kó kàn mí. Àìmọye ìgbà ni ẹ ti dé láti ibi iṣẹ́ tí ẹ bá rédíò tó ń ké tantan, tí ẹ ní Bàbá ti di adití. Etí mi kò ṣe ohunkóhun.

Nítorí náà, nígbà tí Mojí ti Ìbàdàn gbé ẹ̀rọ tuntun tó lè mú àwo dún dé, tó ní òun fẹ́ gba orin náà sórí fóònù, ẹ wo ohun tí mo rò. Onígòjé yóò máa ké àgò níbi gbogbo. Nínú ọkọ̀ èrò, lórí ọ̀kadà, ní etí ẹni tó ń fọ abọ́ ní ìlú tí n kò mọ̀. Yóò máa pe Làmídì láàárín àwọn tí kò mọ Làmídì rí. Ta ni yóò sọ fún un pé kò sí nílé? Bí èmi náà bá sì lọ, yóò pe orúkọ mi, gòjé yóò dún, yóò dún, ẹnì kan yóò sì fi àtàǹpàkò sún un kọjá sí orin mìíràn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ikú kọ́. Kí wọ́n pè mí kí ilé dákẹ́ ni.

Lánàá, ní ọ̀sán, mo ní kó fi sí i, èmi àti òun nìkan. Mo kọ́kọ́ sọ àṣà wa fún un: ẹni tó wà, kó jẹ́, ẹni tí kò sí, kí ará ilé rẹ̀ sọ pé kò sí. Ó ní òun ti gbọ́. Àwo náà ta bí ẹ̀pà nínú agbada, lẹ́yìn náà Onígòjé jáde láti inú rẹ̀, ohùn ọmọkùnrin. Mo ti gbàgbé pé ó kéré lọ́jọ́ orí tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ mi báyìí. Ó pe Làmídì, mo ní kò sí nílé. Ó pe Tíṣà, mo ní kò sí nílé. Ó pe Àkànjí, mo ní kò sí nílé. Mo ti pinnu pé bó bá kàn mí, n kò ní í jẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe rí nígbà tí n kò bá sí, kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Ó pè mí. "Ṣé o wà nílé?" Mo dákẹ́. Ìlù dákẹ́. Gòjé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo di apá àga mú, mo ń gbọ́ ọ, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ibi tó tutù tó ibẹ̀ yẹn.

Mojí wò mí. Ó rò pé mo ti sùn lọ, àbí pé n kò gbọ́. Ẹ sì mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì ni, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, bí a ṣe kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa ṣe sí àlejò, ó ní, "Wọ́n wà nílé o, sà. Wọ́n ń bọ̀."

Ọmọ mi ti bá mi ṣèlérí fún òkú.

Onígòjé kì mí, inú rẹ̀ dùn, ó sì kọrin lọ títí àwo fi parí. Mojí rí ojú mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé mo ṣì í sọ ni?" Mo ní rárá. Mo ní bí mo ṣe kọ́ ìyá rẹ̀ náà ló sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Gbogbo ọdún tí mo fi ń da omi sínú garawa, mo rò pé bí wọ́n bá pè mí, ilé yóò dákẹ́. Wọ́n pè mí, ilé kò sì dákẹ́. Ẹnì kan jẹ́ ẹ, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ ẹ tòun ti ìkúnlẹ̀.

Èsì mi nìyí. Mojí, gbé e sórí fóònù rẹ. Fi ránṣẹ́ sí wọn. Kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọyẹ́, ẹ yọ ohun tó wà létí yín, ẹ jẹ́ kó dún síta, kí ẹ sì dá ọkùnrin náà lóhùn. Ẹ ní Làmídì kò sí nílé. Ẹ ní Tíṣà àti Àkànjí kò sí nílé. Bó bá sì kàn mí ní ọdún tí àga yìí ti ṣófo, ẹ má sọ pé n kò sí. Mojí ti ní mò ń bọ̀, n kò sì fẹ́ kí ọmọ mi di òpùrọ́. Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ní, "Wọ́n ti gbéra lọ sọ́dọ̀ yín o, sà. Ṣé ẹ ò pàdé lọ́nà ni?"